Bí A Ṣe Ń Yan Orúkọ fún Ajá Tuntun: Ohun Tí Ajá Ń Gbọ́ àti Ohun Tí Àdúgbò Ń Gbọ́

Oríṣi etí méjì ni orúkọ ajá ń wọ̀. Àkọ́kọ́ ni etí ajá fúnra rẹ̀. Kò mọ ìtumọ̀, ìró àti ohùn nìkan ló ń dá mọ̀. Èkejì ni etí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, ìtumọ̀ sì ni tiwọn máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Bí orúkọ ajá bá di wàhálà, ọ̀kan nínú etí méjèèjì yìí ni wọn kò rò nígbà tí wọ́n ń yàn án. Ẹni tó pe ajá rẹ̀ ní Ẹ̀yìnlàárò ro ti aládùúgbò, kò ro ti ajá. Ẹni tó pe tirẹ̀ ní Bingo ro ti ajá, àmọ́ tó bá pè é lójú títì, ajá mẹ́ta ni yóò dáhùn.

Ajá la ó dúró lé lórí nínú ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí òun ni ẹran ọ̀sìn tí orúkọ ń ṣiṣẹ́ fún jù. Orúkọ lẹ ó fi pè é kúrò níwájú mọ́tò, orúkọ náà lẹ ó fi dá a lẹ́kun nígbà tó bá dojú kọ àlejò. A ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kan ológbò àti ayékòótọ́ tó bá yá.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ti ajá, a gbọ́dọ̀ wo ajá náà pẹ̀lú.

Ẹ wo etí rẹ̀ ṣáájú. Ihò etí ọmọ ajá máa ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn tí wọ́n bí i, nítorí náà èyí tí ẹ mú wálé ní ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 yẹ kó ti máa gbọ́ràn dáadáa. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti rí yín, kí ẹ pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kó yíjú, tàbí ó kéré tán kí etí rẹ̀ mì. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ tún un ṣe nígbà tí oorun ti dá lójú rẹ̀ tí kò sì sí oúnjẹ níwájú rẹ̀. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Àwọn ajá funfun báláú wà lára àwọn tí wọ́n sábà máa ń bí ní adití, àmì ọwọ́ ni irú wọn máa ń kọ́, orúkọ yòówù tí ẹ bá sọ wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú ara yín wo bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹ má fi ti ẹnu ẹni tó tà á ṣe. Ẹ rọra dà á dé ẹ̀yìn: tí ẹ bá rí ihò ìtọ̀ ní àárín ikùn, nísàlẹ̀ ìdodo díẹ̀, akọ ni. Ti abo wà lẹ́yìn pátápátá, nísàlẹ̀ ihò ìdí. Àpá ìdodo máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ, wọ́n á rò pé ihò ìtọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rí abo ajá tó ń jẹ́ Jack.

Ẹ má sì yára fi àwọ̀ tàbí ìtóbi sọ ọ́ lórúkọ. Dalmatian tó ní tótòtó dúdú kárí ara, funfun ni wọ́n ń bí i. Irun German Shepherd máa ń yí padà bó ṣe ń dàgbà. Èyí tí ẹ pè ní Kékeré lónìí lè wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ kí ọdún tó yípo.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Tí ẹ bá pẹ́ jù, àwọn ọmọdé ilé á ti máa pè é ní "Puppy", ohun tí yóò sì máa dáhùn sí nìyẹn.

Ìró tó dára fún etí ajá

Ẹ kọ orúkọ márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀, kí ẹ sì máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sílébù méjì ló dára jù, mẹ́ta kò burú. Sílébù kan máa ń tètè parí, pàápàá níbi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ké. Tó bá sì tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, kálukú nínú ilé á máa gé e bó ṣe wù ú, ajá á wá ní orúkọ mẹ́ta tí kò mọ̀kan nínú wọn dájú.

Kọ́ńsónáǹtì ni kó fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń dún gbà lójijì: b, d, g, gb, k, p, t. Ibi yìí ni orúkọ Yorùbá ti ń fẹ́ àkíyèsí. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa tó lè ṣe orúkọ fún ajá ló fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀: Ẹkùn, Ìgalà, Ọ̀kẹ́rẹ́, Ọdẹ. Fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ wa kì í gba ohùn òkè, ohùn àárín tàbí ti ìsàlẹ̀ ló máa ń gbà, nítorí náà ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún tí ènìyàn bá ń ké láti òkèèrè. Ẹ pe "Ẹkùn!" láti ẹnu géètì, "kùn" nìkan ni yóò dé ẹ̀yìnkùlé. Tí ẹ bá nífẹ̀ẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ gé fáwẹ́lì iwájú kúrò pátápátá, kí ìyókù sì jẹ́ orúkọ tí gbogbo ilé ń pè: Galà dípò Ìgalà, ó sì yẹ ajá ìbílẹ̀ wa tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ní ìparí, a, ẹ, o àti ọ ló rọrùn láti fà gùn: "Gala-a-a!" Èyí tó parí sí "in" tàbí "un" kì í lọ jìnnà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó yege nínú ìdánwò ìró nìyí: Gángan, Bẹ̀ǹbẹ́, Gúgúrú, Kòlò (láti ara kòlòkòlò, fún ajá pupa tí imú rẹ̀ ṣóńṣó), Kànnà (láti ara kànnàkànnà, fún ajá dúdú tí àyà rẹ̀ funfun). Fún dúdú kirimú, Tàdáwà dára, àmọ́ ẹ gé e sí Tàdá, nítorí ìdí tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ yìí.

Kò gbọdọ̀ jọ àṣẹ

Ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ àṣẹ tí ẹ máa lò fún ajá náà: wá, jókòó, dúró, rárá, ó tó, fi sílẹ̀, jáde. Ẹ fi orúkọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ẹ pè wọ́n tẹ̀lé ara wọn kíákíá.

Orúkọ tí ibí yìí máa ń mú jù ni Dúdú. Dúdú àti "dúró", ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, ohùn kan náà. Ajá kì í dúró gbọ́ sílébù kejì kó tó ṣe nǹkan. Ẹ fojú inú wò ó: ajá yín wà ní òdìkejì títì, mọ́tò ń bọ̀, ẹ ké "Dúdú!" kó lè sáré wá sọ́dọ̀ yín, òun gbọ́ "dú", ó dúró sí àárín ọ̀nà. Tí ajá yín bá ti ń jẹ́ Dúdú tó sì ti mọ̀ ọ́n, ẹ má yí orúkọ padà, àṣẹ ni kí ẹ yí padà. Ẹ lo "ó tó" tàbí "stay" dípò "dúró".

Wàrà, tí wọ́n fẹ́ràn láti sọ ajá funfun, ń gbé "wá" níwájú àti "rárá" lẹ́yìn, ó wá di pé orúkọ rẹ̀ ń pè é, ó sì ń lé e. Kókó jọ "jókòó". Tàdáwà parí sí ohun tó sún mọ́ "wá". Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ajá náà ní tiwọn: Comfort jọ "come", Noah jọ "no". Lóòótọ́, ohùn "wà" àti "wá" kò dọ́gba létí wa, àmọ́ bí inú bá ń bí ènìyàn tàbí tó ń ké, ohùn rẹ̀ máa ń yẹ̀.

Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ilé ń sọ lójoojúmọ́

Orúkọ oúnjẹ máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọdé nínú. Wọ́n á pe ajá ní Dòdò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, "ẹ fi dòdò sí i fún mi", "dòdò ti jóná", "ta ló jẹ dòdò mi?" Ajá á dìde ní ìgbà àkọ́kọ́, á dìde ní ìgbà kejì, kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀. Tó bá yá, á kọ etí ikún sí i, tí ẹ bá wá ń pè é gan-an kò ní dáhùn. Gúgúrú bọ́ nínú èyí ní ilé tí wọn kì í ti í jẹ gúgúrú. Ẹ fi ilé tiyín wò ó.

Orúkọ ọmọ ilé tún ńkọ́? Bí ọmọ yín bá ń jẹ́ Kọ́lá, ẹ má sọ ajá ní Bọ́lá tàbí Tọ́lá. Fáwẹ́lì wọn dọ́gba, ohùn wọn dọ́gba, ìyàtọ̀ kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo kì í hàn láti yàrá kejì. Bí ajá bá ju ẹyọ kan lọ, kí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn má jọra, kí ohùn wọn má sì jọra: Gángan àti Kòlò lè jọ gbé, Kòlò àti Kànnà á máa dáhùn fún ara wọn.

Etí àdúgbò

Láyé àtijọ́, odidi gbólóhùn ni orúkọ ajá sábà máa ń jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìyàwó tí kò fẹ́ bá orogún rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ lójúkojú á pe ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la tàbí Ayélóògùn, ìgbàkígbà tó bá sì pe ajá wá jẹun, ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó ń lọ. Ọgbọ́n ńlá ni. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn sọ ohun tó ń dùn ún láìgbé ọwọ́ sókè, ó sì wù wá kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ má parun. Àmọ́ ní ilé tí ayálégbé mẹ́jọ ti ń lo kànga kan, òkò ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ á ba ẹni tí ẹ kò fi sọ pàápàá. Tí ẹ bá fẹ́ orúkọ gbólóhùn, ẹ mú èyí tí kò bá ẹnikẹ́ni wí, bíi Sùúrùlérè, kí ẹ sì fa orúkọ ìpè yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀: Lérè. Láti ẹ̀yìn la ń fà á yọ nítorí iwájú sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ẹni tó gé Tanímọ̀la sí "Taní" á rí i pé ajá ń fò dìde nígbàkígbà tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn tí ẹnìkan béèrè "Ta ni?" Mọ̀la ni kó pè é.

Ẹ yẹra fún orúkọ ènìyàn tí ẹ mọ̀ pé ó wà ládùúgbò, orúkọ òkú, oyè ìlú bíi Balógun àti Jàgùn, orúkọ wòlíì àti orúkọ òrìṣà. Ògún gan-an le jù, ajá ni wọ́n fi ń bọ ọ́. Orúkọ àbíkú náà wà níbẹ̀. Àwọn kan tí ọmọ ajá wọn ti kú léraléra máa ń sọ èyí tó kàn ní Kòsọ́kọ́ tàbí Málọmọ́. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n; Kòsọ́kọ́ jẹ ọba Èkó láti 1845 sí 1851, àwọn tó ń jẹ́ Kòsọ́kọ́ ṣì wà lónìí. Ohun tó máa ń pa ọmọ ajá léraléra nínú ọgbà kan sábà máa ń jẹ́ àrùn parvo, tí kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára la fi ń dènà rẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí ẹ máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16.

Ti olóṣèlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, àwọn ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí ó pe ajá rẹ̀ ní Buhari. Aládùúgbò rẹ̀ ló fẹjọ́ sùn pé orúkọ bàbá òun nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ lọ sí ẹnu géètì nírọ̀lẹ́, nígbà tí àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, kí ẹ ké orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí ìgbà tí ajá ti já okùn. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ń rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan ń kọjá, ẹ fa igi lé e. Tí ọmọ ẹlòmíràn bá dáhùn, ẹ fa igi lé e. Tí ajá mìíràn bá yọ láti ojúlé kejì, bákan náà.

Bí ajá ṣe ń mọ̀ ọ́n

Ẹ kọ orúkọ tí ẹ yàn sára bébà pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí gbogbo ilé máa pè é bákan náà. Ẹ se ẹ̀dọ̀ adìyẹ láìfi iyọ̀ sí i. Àlùbọ́sà kò gbọdọ̀ kàn án rárá, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà. Mẹ́wàá tó fún ìjókòó kan. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ kó tó jẹun, má jẹ̀ẹ́ kó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ọjọ́ kìíní àti ìkejì: ẹ jókòó tì í nínú yàrá tó dákẹ́. Ẹ pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan, ní ohùn tí ẹ fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí ẹran sì dé ẹnu rẹ̀ kíá. Ẹ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin: ẹ dúró títí yóò fi gbójú kúrò lára yín, kí ẹ tó pè é. Ìgbà tó bá yíjú padà ni yóò tó rí ẹran. Láti ọjọ́ karùn-ún, ẹ sún sẹ́yìn sí mítà 3, lẹ́yìn náà mítà 5, kí ẹ tó mú un jáde pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Bó bá yíjú ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá, ẹ tẹ̀síwájú. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí ìpele tó ṣáájú.

Ìgbà tó bá ti ń yíjú dáadáa ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àṣẹ kún un: "Kòlò, wá." Orúkọ nìkan kì í ṣe àṣẹ. Bí ẹ bá ń pe "Kòlò, Kòlò, Kòlò, Kòlò" títí yóò fi wá, ẹ ń kọ́ ọ pé ìpè kẹrin ló kàn án.

Ohun tó ń ba orúkọ jẹ́ jù ni kí wọ́n máa pè é kí wọ́n tó nà án. Ajá tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí ẹgba sì tẹ̀lé e yóò máa tẹ̀ba, tàbí kó sá, ẹni tó ni ín á sì máa sọ pé olóríkunkun ni. Bákan náà ni tí ẹ bá ń pè é kìkì fún ìwẹ̀, abẹ́rẹ́ àti ìtìmọ́lé. Fún àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ rìn lọ bá a, kí ẹ mú un láìpe orúkọ.

Ajá àgbà tó ti ní orúkọ

Ajá àgbà lè gba orúkọ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ pe tuntun ṣáájú, kí àtijọ́ tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ẹran: "Lérè, Rex." Ètò yìí ṣe pàtàkì, nítorí tuntun ló gbọ́dọ̀ máa kéde àtijọ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin, ẹ fi àtijọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń gbọ́ orúkọ àtijọ́ tó ń ká ìrù sábẹ́, wọ́n ti fi ìyà bà á jẹ́. Ẹ má pè é rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ bíi ti ọmọ ajá.

Ológbò náà mọ orúkọ rẹ̀; ìwádìí kan láti Japan, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé ó ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìró rẹ̀ sún mọ́ ọn. Kó wá jẹ́ ìpè ni kò dájú, nítorí náà ẹ máa pè é nígbà oúnjẹ. Ayékòótọ́ ní tirẹ̀ á máa pe orúkọ ara rẹ̀ fún gbogbo àlejò, ẹ má fi èébú sọ ọ́.

Káàdì àti ìdè ọrùn

Orúkọ kan ṣoṣo ni kó wà lórí káàdì abẹ́rẹ́, èyí tí ẹ ń pè é gan-an. Ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ tún un gbà lẹ́yìn ọdún kan. Bí ajá bá bu ẹnìkan jẹ, ọjọ́ 10 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ, káàdì sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ní àdúgbò tí Bingo ti tó mẹ́ta, káàdì tí wọ́n kọ Bingo sí láìkọ àwọ̀ àti àmì ara kò fi ẹ̀rí kan hàn.

Fún àwọn ará wa ní Britain: òfin ọdún 1992 ní kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ajá wà lára ìdè ọrùn rẹ̀ níta gbangba, kò béèrè orúkọ ajá. Láti oṣù kẹrin 2016, wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi microchip (ẹ̀rọ kékeré tó ní nọ́ńbà, tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ) sára ajá kó tó ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ. Àmì ohùn kì í hàn lórí fọ́ọ̀mù wọn, àwọn tó máa bá yín tọ́jú ajá nígbà ìsinmi kò sì lè pe "gb". Galà tàbí Kòlò rọrùn fún wọn. Ẹ sọ ọ́ sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n máa gbọ́ ohùn yín. Ẹ má kọ orúkọ ajá sára ìdè ọrùn, olè tó bá kà á á fi tàn án lọ. Nọ́ńbà fóònù yín ni kí ẹ fi sí àyè tó kù.